Ìwé Oògùn Tí Mo Kà Fún Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ kọ́kọ́ bá mi rẹ́rìn-ín kí ẹ tó bá mi wí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó bá mi wí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe àgbèrè. Ọwọ́ mi kò yá tó fún èkíní, ọjọ́ orí mi sì ti kọjá èkejì. Ìwé kíkà ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ogún ọdún ni mo fi nu ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ń nu ilẹ̀ níbi tí dókítà ti ń sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ kò ní gbófo. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó ọ̀rọ̀ wálé bí ẹlòmíràn ti ń kó ẹ̀bùn ìdágbére: mílígíráàmù, ìfúnpá, kó tó jẹun, lẹ́yìn tó bá jẹun. Mo tún lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà fún oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá kọ Yorùbá ní lẹ́tà gàdàgbà, tí ẹnikẹ́ni kò sì kán mi lójú, mo lè gbá a mú. Ti òyìnbó ńkọ́? Èmi àti òyìnbó, a kàn ń kí ara wa lókèèrè ni.

Mo wá ra awò ojú kan.

Awò ojú yẹn ló kó bá mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e ka imú jókòó sí àgbàlá wa, obìnrin tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bú sígbe ayọ̀: "Háà, Màmá! Ṣé ẹ̀yin náà ti dọ̀mọ̀wé nìyẹn?" Ó sáré wọlé, ó gbé páálí oògùn ikọ́ rẹ̀ jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n sọ níbí."

Òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Ó ti dé etí ètè, ó ku kó bọ́ sílẹ̀: mi ò mọ̀ ọ́n kà. Àmọ́ obìnrin mẹ́ta ló ń wò mí, ojú wọn sì dùn-ún wò. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò mí bẹ́ẹ̀.

Mo tú ìwé náà.

Ẹ̀yin náà mọ ìwé inú páálí oògùn. Wọ́n á ká a títí á fi kéré bí èékánná. Tẹ́ ẹ bá tú u, á di aṣọ ìbùsùn. Lẹ́tà rẹ̀ á tò bí èèrà tó ń lọ sìnkú. Wọ́n ní ìjọba ló pàṣẹ pé kó máa wà níbẹ̀, kí aláìsàn lè mọ ohun tó ń gbé mì. Àṣẹ dára. Ìjọba kàn gbàgbé láti sọ iye ojú tí aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ni.

Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, mo ní "hùn-ún."

"Wọ́n ní ẹ má fi ikùn òfo lò ó," ni mo wí. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa mu omi dáadáa. Tí kò bá lọ, kẹ́ ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: oògùn wo ni ìyẹn kò bá mu?

Ikọ́ náà lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti di Ìyá Oníwèé. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan sẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn obìnrin á tò síbẹ̀ ní ìdájí pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, bí ẹni tó wá gba ìwọ̀n aṣọ. Mo ti mọ iṣẹ́ náà: mo mọ ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ mi orí, mo mọ ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ pa ojú dé díẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá mí kanlẹ̀ ní àárín ìwé, ọ̀wọ̀ mi máa ń lé sí i. Mo wá ń mí kanlẹ̀ ní ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni a wà tí ọ̀rẹ́ mi fi kó sí i.

Aránṣọ ni. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá mi àti tirẹ̀; bí ó bá sín, èmi ni mo ń kí i. Ogójì ọdún ló ti ń ránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù. Ní ọdún náà, oríkèé ìka rẹ̀ wú bí atalẹ̀. Kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un ní ìgò oògùn kan, hóró kéékèèké mẹ́rìndínlógójì, pé oṣù mẹ́ta ni kó fi lò ó.

"Báwo ni wọ́n ní kí o máa lò ó?" ni mo bi í.

"Ṣé ẹ̀yìn gíláàsì ni ọkùnrin tó fún mi lóògùn wà! Èrò sì pọ̀ lẹ́yìn mi. Gbogbo ohun tí mo bi í, 'Ó wà nínú ìwé, Màmá. Ó wà nínú ìwé.' Mo ní ṣé kí n jẹun kí n tó lò ó? Ó wà nínú ìwé. Mo ní níbo ni mo máa gbà jáde? Ó tún ní ó wà nínú ìwé!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Ìwé méjì ni wọ́n fún un. Ọ̀kan jẹ́ aṣọ ìbùsùn òyìnbó tí mo ti sọ fún yín. Èkejì jẹ́ pélébé, ilé ìwòsàn fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó. Yorùbá ni! Lẹ́tà gàdàgbà! Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà àjò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa kàwé lóòótọ́ lórí bẹ́ǹṣì náà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò mọ àmì kankan, kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀. Lẹ́tà náà wà níhòòhò. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

LO HORO META LEEKAN LOSE. OJO KAN NAA NI. MA SE FO O.

Mo fi ìka tẹ̀ lé e. "Lo... hóró... mẹ́ta... lẹ́ẹ̀kan."

"Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan," ni Aránṣọ wí, ó ń ka ìka.

"Lo... ọṣẹ."

Gbogbo bẹ́ǹṣì yí ojú sí mi.

"Ọṣẹ?"

"Ọṣẹ ni wọ́n kọ síbí."

"Ọṣẹ tí a fi ń wẹ̀?"

"Ṣé o tún mọ ọṣẹ mìíràn ni?"

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé ọkàn mi kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá yìí, kí ni oríkèé ń wá lọ́dọ̀ ọṣẹ?" Ilé ìwòsàn kò jìnnà, kí ẹsẹ̀ mi tó gbóná, ǹ bá ti débẹ̀ béèrè. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kún. Ta ló máa dìde lórí àga oyè lọ béèrè bí wọ́n ti ń jókòó? Mo ka ìyókù.

"Òjò, kan náà ni. Ìyẹn ni pé bí òjò bá pa ọ́, bí ẹni tó wẹ̀ náà ni. Omi kò ju omi lọ."

"Háà!" ni obìnrin òkè wí. "Àwọn èèyàn yìí ro gbogbo rẹ̀ ṣáá!"

"Má ṣe fọ̀ ọ́."

"Kí ni n kò gbọ́dọ̀ fọ̀?"

"Oògùn náà. Ara ni kí o wẹ̀. Má fọ oògùn."

"Ta ni orí rẹ̀ dà rú tí yóò máa fọ oògùn?"

"Àwọn kan ti fọ̀ ọ́ rí ni wọ́n ṣe kọ ọ́," ni mo wí, mo sì mí kanlẹ̀. "Òfin kì í dédé wáyé."

Bí a ti ṣe yanjú rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti wẹ̀ ní àárọ̀, kó gbé hóró mẹ́ta mì. Tí òjò bá pa á, kó gbé mẹ́ta mì sí i.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń fún un lóògùn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi náà ò kàwé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí ń kọ mí lóminú. Ṣé kí n sáré bi wọ́n ní ilé ìwòsàn?"

Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún gbé e wọ̀.

"Ìyàwó wa," ni mo wí, "ìgbà tí o bá mọ A, kí o wá kọ́ mi ní B."

Bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sorí kọ́, ó dìde.

Ní Wẹ́sìdé, òjò ká Aránṣọ mọ́ ojú ọ̀nà. Ó tutù wọlé, eyín rẹ̀ ń kọ lu ara wọn, ó sì gbé mẹ́ta sí i mì. "Mo ti ṣe é bí ìwé ti wí," ló fi ń yangàn fún mi láti ẹ̀yìn ògiri.

Ní Sátidé, ó ní ata ń ta òun lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè kejì, ó wá síwájú mi, ó la ẹnu. Egbò funfun ti yọ sí inú ètè rẹ̀ àti abẹ́ ahọ́n.

"Ìyá Oníwèé, wò ó fún mi. Ṣé èyí wà nínú ìwé?"

Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà gan-an. Ti ọṣẹ, ẹ lè pè é ní àṣìkà. Èyí kì í ṣe àṣìkà.

Mo tú aṣọ ìbùsùn òyìnbó náà. Mo mú ojú mi rìn láti òsì sí ọ̀tún bí mo ti rí i tí àwọn dókítà ń ṣe. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń wo ẹnu mi pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó ti bó.

"Ó wà níbí," ni mo wí. "Wọ́n ní ẹnu á ta. Àmì pé oògùn ti wọ ara ni."

"Ọlọ́run ṣeun," ló wí. Ó lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo fún un.

Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Omi kò ṣeé gbé mì. Ó tún fi ọwọ́ gbé ìgò sókè sí mi: "Ó ti fẹ́ tán. Ṣé wọn ò ní oṣù mẹ́ta ni?"

"Ẹni tó kà á sínú ìgò ló ṣìṣirò," ni mo wí.

Ní Wẹ́sìdé, ara rẹ̀ kò gbà á láti dìde lọ wẹ̀. Ìyẹn ló gbà á là. Kò wẹ̀, nítorí náà kò lo oògùn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò bi mí mọ́. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé ìyá ọkọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fi ìgò àti ìwé méjèèjì sínú báàgì. Èmi náà bá wọn lọ. Ta ló tún máa bá dókítà sọ̀rọ̀, bí kò ṣe èmi?

Wọ́ọ̀dù obìnrin ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ibùsùn mẹ́jọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí dókítà padà dé, ojú rẹ̀ kò dára. Ọmọkùnrin Aránṣọ náà ti dé, eruku ọ̀nà ṣì wà ní irun rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ń tán lára," ni dókítà wí. "Oògùn yìí ló ń pa á. Ó yẹ kí hóró ọgbọ̀n ṣì kù nínú ìgò yìí. Mẹ́fà ni mo bá. Ta ló ń fún wọn?"

"Èmi ni, sà," ni ìyàwó náà wí.

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. "Ọgbọ̀n hóró láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án? O fẹ́ pa ìyá mi ni?"

"Bí wọ́n ti ní kí n fún wọn ni mo ṣe..."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Lọ kó ẹrù rẹ. Kí n má bá ọ nílé."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò dárúkọ mi. Ó kàn wò mí ni, ó ń dúró.

Èmi? Mo wo ilẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti mọ bí a ti ń wo ilẹ̀ ilé ìwòsàn.

Mi ò mọ bí ì bá ti pẹ́ tó tí mo máa wò ó. Ọkùnrin náà ló fúnra rẹ̀ tú mi fó, láì mọ̀. Ó fa ìwé pélébé náà yọ nínú báàgì, ó gbé e fún mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Dókítà, ẹ̀rí wà! Màmá yìí mọ̀wé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n. Àwọn ló kà á fún ìyá mi. Màmá, ẹ kà á kí wọ́n gbọ́, kí ojú ti apànìyàn yìí."

Àwọn aláìsàn gbé orí sókè. Nọ́ọ̀sì dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin apòògùn kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá náà dúró. Èmi tí mo ti ń wá èèyàn tí yóò máa wò mí, mo rí wọn.

Mo gbé awò ojú wọ̀.

"Lo hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Lo ọṣẹ..."

"Lo kí ni?" ni dókítà wí.

"Ọṣẹ, sà. Òjò, kan náà ni. Má ṣe fọ̀ ọ́."

Obìnrin kan tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́lòmíràn tó rẹ́rìn-ín. Apòògùn náà wá, ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì kà á bí wọ́n ti ń kọrin fún ọmọ:

"Lo hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni. Má ṣe fò ó." Ó wò mí. "Ọ̀sẹ̀ ni, Màmá. Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè. Tó bá jẹ́ Mọ́ńdè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè náà ni wọn kò gbọ́dọ̀ fò."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ tí mo ti nù fún ogún ọdún lanu gbé mi mì. Ṣùgbọ́n ìyàwó náà kò tíì parí. Ó nu ojú, ohùn rẹ̀ kéré:

"Ẹ̀yin lẹ tún sọ pé ẹnu á ta. Ẹ ní ó wà nínú ìwé."

Apòògùn tú aṣọ ìbùsùn òyìnbó náà. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró.

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ló wí. "'Bí egbò bá yọ lẹ́nu rẹ, dá oògùn náà dúró, kí o sì lọ rí dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.'"

Ó wà níbẹ̀. Ibi tí ojú mi ti rìn kọjá gan-an ló wà.

Mo wo ọ̀rẹ́ mi lórí ibùsùn. Ẹnu rẹ̀ kò ṣeé là, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Omi ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wọ inú etí náà.

"Mi ò mọ òyìnbó kà," ni mo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ má lé ìyàwó yín. Èmi ni."

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ náà, èmi tí mo lè bí ìyá rẹ̀. Jìnnìjìnnì bò ó. "Ẹ dìde, Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò," ni mo wí. "Tìtorí kí wọ́n lè máa wò mí ni mo ṣe ṣe gbogbo rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò mọ ibi tí ó máa kojú sí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Èyí tó sọ kò kàn mí, ṣùgbọ́n ó gba àkókò, ó sì yẹ kó gba àkókò.

Ilé ìwòsàn náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Ní ìkẹta, wọ́n fẹnu kò pé àmì ohùn wúlò.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ń fún ọ̀rẹ́ mi ní oògùn tó ń pa ipá ti àkọ́kọ́. Ojoojúmọ́ ni mo lọ jókòó tì í. Kò sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ní ẹnu rẹ̀ ni kò tíì jinná. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu nìkan. Bí wọ́n bá mú èsì ẹ̀jẹ̀ wá, èmi ni mo ń kọ́kọ́ wo ojú nọ́ọ̀sì, kí n lè mọ̀ bóyá mo ti pa ọ̀rẹ́ mi tàbí mi ò tíì pa á.

Ní ọjọ́ kejìlá, ó yí orí sí mi.

"Mo ń bínú sí ọ," ló wí.

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

"Inú mi máa bí fún ìgbà pípẹ́."

"Mo ń gbọ́."

"Gbé omi yẹn fún mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, wọ́n ti fi oyè dá mi lọ́lá rí lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí èyí tó dùn tó ife omi tí mo gbé fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dá a sílẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn mìíràn fún oríkèé. Apòògùn náà fa àga jókòó tì wá nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, kò sí gíláàsì láàárín wa. Ó fi ojú ewé kan hàn wá lórí kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀. Ó ní ìwé tí àjọ tó ń mójú tó oògùn fọwọ́ sí nìyẹn. Èyí tó wà nínú páálí ni wọ́n kọ fún aláìsàn, èyí tó gùn jù ú lọ wà fún dókítà, àwọn méjèèjì sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá wọn jáde. Ó ní kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá ti ara ìgò mu, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohunkóhun.

Mo gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Mi ò mọ̀ ọ́n kà," ni mo wí. Ìgbà kejì nìyẹn tí mo sọ ọ́ jáde, ó sì ti fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ẹ sọ ọ́ fún wa. Ìgbà mélòó? Ọjọ́ wo? Kí ló máa ṣe é tí a ó fi sáré wá?"

Ó sọ ọ́. Ó ní kí Aránṣọ tún un sọ fún òun. Aránṣọ tún un sọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi yọ sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ara ríro kan tó máa ń rà ní kẹ́míìsì nínú báàgì rẹ̀.

"Ṣé mo lè máa lo èyí mọ́ ọn?"

Apòògùn náà gbà á, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, aṣọ rẹ̀ funfun nini, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri nínú férémù. Nọ́ọ̀sì méjì dúró síbẹ̀, dókítà náà wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò mọ̀ dájú," ló wí. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí n wò ó."

Ó yíjú sí ìwé gígùn náà, ó fi ìka rẹ̀ sórí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wẹ́wẹ́wẹ́. Aránṣọ ń wo oògùn rẹ̀. Èmi, ojú ọmọbìnrin yẹn ni mo ń wò. Mo wá ìtìjú níbẹ̀ títí ìṣẹ́jú márùn-ún fi pé, mi ò rí i.